Okùn Òwú

Ìyá Eduvina pè mí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀:
"Omi ilé mi ti di okùn òwú."
Mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká,
mo ka àtẹ̀gùn òkè náà, igba ó lé mẹ́rìnlá.
Ajá méjì sùn lórí èyí tó kẹ́yìn,
wọn ò yà fún mi.
Ní Valparaíso, ilé ń jókòó léjìká ilé,
òkun tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè,
omi tí a óò fi se ọbẹ̀ ló ń ṣòro.

"Òkè ni," ó ní. "Omi ò fẹ́ràn òkè.
Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń dúró ti garawa."
Mi ò dá a lóhùn.
Ẹni tó bá tètè dá òkè lẹ́bi
kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àtẹ̀gùn ara rẹ̀.

Mo bi í: ẹ̀rọ kan ni, àbí gbogbo wọn?
Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹnu ló ń dùn ún.
Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà ọ̀fun.
Gbígbóná ńkọ́? Tútù ńkọ́?
Mo ké sí Heriberto ní ilé kejì.
Ó yọrí lójú fèrèsé, ọṣẹ ṣì ń bẹ ní irùngbọ̀n rẹ̀:
"Tèmi ń tú jáde bí ẹni tó ń bínú!"
Òkè kan náà. Páìpù ìgboro kan náà.

Mo tú ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná.
Asẹ́ kékeré kan bọ́ sí mi lọ́wọ́,
èépá funfun ti dí i bí eyín àgbàlagbà.
Mo rì í sínú ọtí kíkan, ó hó ṣìì.
Nígbà tí mo dá a padà, omi náà sàn díẹ̀,
bí ẹni tó wúkọ́ tán tí ohùn ò tíì là.

Mo ti gbogbo ẹ̀rọ pa, mo lọ wo mítà:
ìràwọ̀ pupa inú rẹ̀ dúró gbagidi.
Kò sí ibi tí omi ń jò sí.
Mo so géèjì mọ́ ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé:
abẹ́rẹ́ fò dé àádọ́ta, ó fọkàn balẹ̀.
Mo ní kí ìyá ṣí ti balùwẹ̀,
abẹ́rẹ́ já wálẹ̀ sórí mẹ́jọ.
Háà. Agbára wà.
Ọ̀nà ni kò gbà á.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà,
fáàfù kan wà tí a fi wáyà búlúù dè,
ó ṣí dé ìdajì péré.
Páálí kan rọ̀ mọ́ ọn, yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n:
*Ẹ má ṣí i ju báyìí lọ. Eduvina ń sùn.*

Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn.
Ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni.
Páìpù inú ògiri ń kan gbọ́! gbọ́! níbi orí ibùsùn,
ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti ẹ̀rọ pa.
Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó dákẹ́.
"Mo rò pé ògiri ló ṣàánú mi."
Osvaldo ò sọ nǹkan kan,
títí wọ́n fi gbé e lọ sí ibi ìsìnkú, ọdún méje rè é.

"Ṣí i," ó ní.

Mo gé wáyà. Mo yí i díẹ̀díẹ̀.
Omi pọn bíi tíì, ó pòfóló, ó mọ́,
ó bọ́ sínú garawa pẹ̀lú ariwo.
Mo ti ẹ̀rọ pa.
Gbọ́! ni ògiri wí.

Mo ní mo lè fi ìdè irin so páìpù náà mọ́ra,
mo lè dín agbára náà kù láti ẹnu ọ̀nà,
kò ní kàn mọ́ láé.
Ó fi páálí náà sápò.
"Padà wá ní Ọjọ́ Ajé," ó ní.
"Jẹ́ kó kàn títí dìgbà náà."

Ó fún mi ní owó àti ọsàn mẹ́ta.
Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ọ lókè:
ó ṣí ẹ̀rọ, ó tì í.
Ó ṣí i, ó tì í.
Àṣìṣe wọ iye àtẹ̀gùn mi.